Apààyàn Tí Kò Fẹ́ Bojú

Bí Ọlọ́run bá fún ènìyàn ní ojú, ó yẹ kí onítọ̀hún dúpẹ́, kó máa fi omi bọ́ ọ láràárọ̀, kó sì máa bá tirẹ̀ lọ. Ọ̀nárébù Adébọ̀dé Bámilóyè kò gbà bẹ́ẹ̀. Lójú tirẹ̀, ojú tí Elédùà fún un kì í ṣe ti òun nìkan, ti gbogbo Ṣómólú àti Bàrígà ni, ìkà gbáà sì ni ẹni tó bá fi í pamọ́ fún aráàlú. Láti ìgbà tí àwọn ṣójà ti padà sí bárékè, tí òṣèlú sì ti sọ ọ́ di kánsẹ́lọ̀ tó ń mójú tó àṣà àti ìmọ́tótó, kò sí ibi tí fọ́tò rẹ̀ kò sí. Ó wà lára ògiri, ó wà lára kàlẹ́ńdà, ó tún wà nídìí ike ìfọṣọ tó pín fún àwọn ìyá lọ́dún Kérésì, tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá ń fọ pátá lásán, àfi kí òun àti Ọ̀nárébù fojú kojú.

Ohun kan ṣoṣo ló kù tí ọkàn rẹ̀ ń fẹ́. Ó fẹ́ kí àwọn àgbà ẹgbẹ́ mú òun láti dupò alága ìjọba ìbílẹ̀. Wọn yóò jókòó lé ọ̀rọ̀ náà lórí lẹ́yìn ọdún Àjíǹde, ọ̀pọ̀ ló sì ń du ipò yìí kan náà. Oúnjẹ kò dùn lẹ́nu Ọ̀nárébù mọ́. Bó bá ti ń jẹ ẹ̀bà ni yóò máa ronú ohun tí òun lè ṣe tí àwọn àgbà yóò fi rí òun, bí ẹni pé ẹnì kan wà ní Bàrígà tí kò tíì rí i.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyẹn tí Ọmọ́wálé onífíìmù fi wọlé tọ̀ ọ́ lọ.

Ọmọ́wálé yìí ló ni *Aládàá Ọ̀sà*. Ẹ̀yin tí ẹ gbé Èkó nígbà náà, ẹ ò ní gbàgbé rẹ̀: ọkùnrin gìrìwò kan tó ń jáde láti inú ọ̀sà ní Ìlàjẹ ti Bàrígà, tó fi àpò ìdọ̀họ bojú, tó gbé àdá lọ́wọ́, tó sì ń pa ẹni tó bá rí. Nígbà tí apá kìíní jáde, àwọn bàbá tó ní irùngbọ̀n kò lè dá lọ sẹ́yìnkùlé mọ́. Ṣùgbọ́n ohun tó bá pẹ́ jù lójú, ó di ti ẹbí. Nígbà tí wọ́n fi máa ṣe apá kẹsàn-án, Aládàá ti pa gbogbo òṣèré tó wà nílẹ̀ tán. Àwọn tó kú ní apá kejì ti jí, wọ́n ti di aládùúgbò ní apá kẹfà, wọ́n sì ti tún kú. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń fi apá kẹsàn-án hàn nílé fídíò kan lójú ọ̀nà Pedro, bí Aládàá ti yọ orí lómi báyìí, ọmọdébìnrin kan kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ káàbọ̀, sà." Gbogbo ilé fi ẹ̀rín fọ́. Ọmọ́wálé mọ̀ pé apààyàn tí wọ́n bá ti ń kí káàbọ̀, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó pinnu láti tún Aládàá ṣe, ó sì lọ bá Ọ̀nárébù kó lè gba ìwé ìyọ̀ǹda ìjọba láti ya fíìmù létí ọ̀sà.

Wíwọlé sọ́dọ̀ Ọ̀nárébù kì í ṣe kékeré. Kọ́ládé, igbá-kejì rẹ̀ nínú ohun gbogbo tí kò ṣe pàtàkì, á kọ́kọ́ ké sí àlejò pé, "Ẹ dìde fún Ìràwọ̀ Òwúrọ̀ Bàrígà! Ọkọ Ìmọ́tótó! Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́ ti Dẹmókírésì!" Àlejò á dìde. Ọ̀nárébù á yọ láti yàrá kejì, ibi tó ti dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn tipẹ́tipẹ́ tó ń retí kí wọ́n ki òun tán. Bó bá wúkọ́, Kọ́ládé á ní, "Ọgbọ́n ni." Bó bá sín, Kọ́ládé á ní, "Ọ̀rọ̀ yìí jinlẹ̀ o." Bí kò bá ṣe nǹkan kan rárá, Kọ́ládé á pàtẹ́wọ́.

"Ọmọ́wálé," ni Ọ̀nárébù wí nígbà tó gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ tán, "ṣé o mọ ohun tó ń ṣe Aládàá rẹ? Apààyàn ìgbà ológun ni."

"Ológun, sà?"

"Ológun pọ́ńbélé! Ó ń yọ sí ènìyàn láìròtẹ́lẹ̀. Kì í fi tó aráàlú létí. Kì í gba ìmọ̀ràn. Ó kàn ń gé wọn lórí kiri ni. Ṣé bí a ṣe ń ṣe nìyẹn lábẹ́ dẹmókírésì?"

Kọ́ládé mi orí títí fìlà rẹ̀ fi bọ́ sílẹ̀.

"Apààyàn ìgbà tuntun," Ọ̀nárébù dìde, ó kó ọwọ́ agbádá sí èjìká, "gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ orúkọ rẹ̀ àti ipò tó dì mú. Kó ṣàlàyé ètò tó ní fún àdúgbò. Kó fún ẹni tó fẹ́ pa láàyè láti béèrè ìbéèrè."

"Kó tó wá pa á, sà?"

"Kó tó wá dárí jì í! Ta ló ní kó pa ẹnikẹ́ni? Ṣé o ò mọ̀ pé ìdìbò ń bọ̀ ni?"

Ọmọ́wálé ti ń ya fíìmù fún ọdún pípẹ́, kò sì tíì rí apààyàn tí kì í pa ènìyàn. Ṣùgbọ́n ìwé ìyọ̀ǹda wà nínú dúrọ́ọ̀ Ọ̀nárébù, kọ́kọ́rọ́ dúrọ́ọ̀ náà sì wà lápò Ọ̀nárébù. Ó béèrè pé, "Ta ni yóò wá ṣe Aládàá tuntun yìí, sà?"

Ọ̀nárébù kọjú sí fèrèsé. "Ó ṣòro," ó ní. "Ó ń fẹ́ ẹni tó lóhùn. Ẹni tó rí bí ẹni ọ̀wọ̀. Ẹni tí aráàlú fẹ́ràn ojú rẹ̀."

Kọ́ládé ti wà lórí ìkúnlẹ̀. "Ọ̀nárébù, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má kọ̀ fún wa!"

"Mo ti gbà," ni Ọ̀nárébù wí.

Ọjọ́ kejì ni Ràsákì Ikúmápàyí wá. Òun ni Aládàá láti apá kìíní, fọkanáísà kan tó ń lẹ táyà ní Bàrígà, ọkùnrin tó ga, tó sanra, tó sì ń bẹ̀rù adìyẹ. Kò sí ẹni tó bá a kẹ́dùn bí wọ́n ṣe gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló sì fọ ìbòjú náà, ó sá a, ó ká a, ó gbé e wá fún ẹni tó gba iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, ó dùn ún. Ojú rẹ̀ pọ́n nígbà tó gbé àpò náà lé tábìlì.

"Ẹ gbà á, sà," ó ní. "Nítorí ìparí ni."

"Ìparí wo?"

"Ìparí fíìmù, sà. Ibi tí àwọn ìyá Ìlàjẹ ti máa ń nà mí."

Ó wá ṣàlàyé. Nígbà apá kìíní, Ọmọ́wálé kò lówó òṣèré, ló bá bẹ àwọn obìnrin tó ń yan ẹja létí ọ̀sà pé kí wọ́n bá òun lé Aládàá padà sómi ní ìparí eré. Wọ́n lé e. Ó dùn mọ́ wọn débi pé wọ́n sọ ọ́ di ẹ̀tọ́ wọn. Wọn kì í gba kọ́bọ̀. Bí ọdún bá ti ń yípo ni wọ́n á máa béèrè ìgbà tí Aládàá máa dé. Èyí tí ọkọ rẹ̀ bí nínú, èyí tí ẹja rẹ̀ jóná, èyí tí oníbàárà rẹ́ jẹ, gbogbo wọn ló ń fi ìbínú wọn pamọ́ dè é.

"Wọn kì í fi mí ṣeré, sà. Nínà ni wọ́n ń nà mí. Ẹ̀bẹ̀ ò sì ràn án, torí pé Aládàá máa ń bẹ̀bẹ̀, ó máa ń parọ́ pé òun kọ́, bí eré ṣe rí nìyẹn. Èyí tí a jọ mọ̀ ni pé bí mo bá ti bọ́ ìbòjú, ó tán nìyẹn. Kíá ni gbogbo ọwọ́ á lọ sílẹ̀. Wọ́n á ní, 'Pẹ̀lẹ́ o, bàbá Hameedat,' wọ́n á sì bu ẹja fún mi."

Ọ̀nárébù fi ọmọ ìka méjì gbé àpò náà bí ẹni gbé òkú eku. Ó wò ó, ó rẹ́rìn-ín.

"Ràsákì, bá mi sọ òótọ́. Ta ni yóò dìbò fún àpò?"

"Kò sí, sà. Ṣùgbọ́n..."

"Nínà kankan ò sí nínú tèmi. Wọ́n á kúnlẹ̀ fún mi ni. Bí mo ṣe ní kí wọ́n kọ ọ́ nìyẹn."

Ràsákì wo ilẹ̀. Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ kò ṣeé sọ fún Ọkọ Ìmọ́tótó. Kò tíì pé oṣù kan tí Ọ̀nárébù lọ sí Ìlàjẹ, tó dúró lórí àga, tó kéde pé èéfín ẹja ń bo ojú dẹmókírésì, àti pé gbogbo àgọ́ tí wọ́n ti ń yan ẹja gbọ́dọ̀ kúrò kí òjò tó dé. Ìyá Ayọ̀kúnnúmi, olórí àwọn tó ń yan ẹja, bi í lọ́jọ́ náà pé kí ni àwọn yóò wá máa jẹ. Ó ní kí wọ́n máa jẹ èrè dẹmókírésì. Ràsákì ká àpò rẹ̀, ó fi sábẹ́ apá, ó lọ.

Àárọ̀ Sátidé ni wọ́n ya ìparí fíìmù. Ọ̀nárébù ti pe àwọn àgbà ẹgbẹ́ kí wọ́n wá fi ojú ara wọn rí ẹni tí wọ́n fẹ́ fà kalẹ̀. Wọ́n jókòó sábẹ́ ìbòòrùn létí omi, Bàbá Ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀ ló wà láàrin, ọ̀pá rẹ̀ láàrin orúnkún. Aládàá àtijọ́ máa ń wẹ̀ jáde lómi ni. Ti ìgbà tuntun kò lè wẹ̀, kò sì fẹ́ kí agbádá funfun òun rin, ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n fi gbé e wá sí etí omi. Kọ́ládé di agboòrùn mú lé e lórí. Àdá onígi tí wọ́n kùn ní fàdákà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ojú rẹ̀ wà ní gbangba, ó ń dán, ó fi àtíkè díẹ̀ sí i.

Ràsákì ni wọ́n fún ní ipò ẹni tó da ilẹ̀ sí gọ́tà, tí Aládàá yóò wá bá wí. Ọ̀nárébù bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. "Èmi, Aládàá, ọmọ bíbí inú ọ̀sà, lẹ́yìn ìfikùnlukùn pẹ̀lú gbogbo àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn..." Ó sọ ti gọ́tà, ó sọ ti ẹ̀fọn, ó sọ ti ìṣọ̀kan orílẹ̀-èdè. Ìgbà tó fi máa dé orí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, ẹni tó yẹ kó máa gbọ̀n lábẹ́ àdá ti bẹ̀rẹ̀ sí í hanrun. Ọmọ́wálé ní kí wọ́n dá kámẹ́rà dúró. Ọ̀nárébù ní kò sí ẹni tó ń dá ọ̀rọ̀ aṣáájú dúró.

Ó wá ku ìparí. Ọmọ́wálé lọ bá àwọn obìnrin níbi tí wọ́n kó ara jọ sí níwájú àgọ́ wọn.

"Ẹ̀yin ìyá mi, tọdún yìí yàtọ̀ o. Bó bá ti sọ̀rọ̀ tán, ẹ kàn kúnlẹ̀."

"Ṣé Aládàá kọ́ ni?" Ìyá Ayọ̀kúnnúmi béèrè.

"Òun ni, mà, ṣùgbọ́n..."

"Ṣé ìparí kọ́ ni?"

"Ìparí ni, mà."

"A ti gbọ́. Lọ sídìí kámẹ́rà rẹ, ọmọ mi."

Ẹ má sì sọ pé wọn ò kúnlẹ̀. Wọ́n kúnlẹ̀! Gbogbo wọn pátá, nínú iyanrìn. Ọ̀nárébù wo àwọn obìnrin tó kúnlẹ̀, ó wo àwọn àgbà tó ń mi orí, inú rẹ̀ wú bí ìyẹ̀fun tí wọ́n fi yíìsì sí. Ká ní ó dákẹ́ níbẹ̀ ni, ó ṣeé ṣe kó ti di alága. Ṣùgbọ́n ẹni tí ìyìn bá ń pa, kì í mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń parí sí. Ó fi èyí tí wọn kò kọ sílẹ̀ kún un. Ó na àdá sí àwọn àgọ́. "Láti òní lọ," ó kígbe, "èéfín ti dópin ní Ìlàjẹ!" Ó sì fi àdá onígi náà gbá òpó àgọ́ tó sún mọ́ ọn jù. Òpó náà ti pẹ́ láyé. Ó yẹ̀, pẹpẹ dojú dé, ẹja tí Ìyá Ayọ̀kúnnúmi fi gbogbo òru yan dà sínú iyanrìn.



Ìyá Ayọ̀kúnnúmi dìde, ó tún ìró rẹ̀ dì, ó mú àjẹ̀ ọkọ̀ kan tó fara ti àgọ́. Ó wá ké ohun tó ti ń ké láti apá kìíní: "Aládàá ti dé o!"

Kí ẹ tó ṣẹ́jú, gbogbo wọn ti bò ó. Agbọ̀n ń balẹ̀, abẹ̀bẹ̀ ń balẹ̀, ìgbálẹ̀ ń balẹ̀.

"Ẹ dúró! Èmi ni!" ni Ọ̀nárébù ké.

"Ìwọ ni, a mọ̀!"

"Ọ̀nárébù ni mí!"

"Lọ́dún tó kọjá, o ní pásítọ̀ ni ọ́!"

"Mo ní kánsẹ́lọ̀ ni mí! Kánsẹ́lọ̀!"

"Ẹ gbọ́ o! Irọ́ tọdún yìí tún dùn ju ti pásítọ̀ lọ!"

Lábẹ́ ìbòòrùn, àwọn àgbà ń pàtẹ́wọ́. "Adébọ̀dé mọ eré ṣe o!" ni ọ̀kan wí. Kọ́ládé tó ti sá sẹ́yìn wọn náà ń ké pé, "Ẹ̀bùn Ọlọ́run ni! Ẹ̀bùn Ọlọ́run ni!" Nínú gbogbo ìyìn tí Ọ̀nárébù ti gbà láyé rẹ̀, èyí nìkan ni kò dùn mọ́ ọn.

Àjẹ̀ bà á ní ìdí, ọ̀rọ̀ Ràsákì wá sọ sí i lọ́kàn. Ìbòjú! Ó sáré gbé ọwọ́ méjèèjì sójú láti bọ́ ọ. Ojú ló wà níbẹ̀. Ó fà á, kò wá. Ó bọ́ fìlà, ó nà á sókè. "Fìlà kọ́ o!" ni àwọn ìyá wí, wọ́n ń bá iṣẹ́ lọ. Ó bọ́ agbádá. "Agbádá kọ́!" Ó bọ́ bùbá. "Bùbá kọ́ náà!" Ó ń fi ẹ̀yìn rìn wọ inú omi, ṣòkòtò nìkan ló kù lára rẹ̀, wọ́n sì ń tẹ̀ lé e. Ọkùnrin tí fọ́tò rẹ̀ wà nídìí ike gbogbo ìyá Bàrígà ń wá ohun tí òun lè fi bo ojú, kò rí.

Ràsákì ló gbà á. Ó já wọ inú omi, ó fi ẹ̀yìn rẹ̀ tí nínà ti mọ́ lára gba méjì mẹ́ta nínú ìgbálẹ̀, ó na àpò ìdọ̀họ tó gbé wá láti ilé sí i.

"Ẹ wọ̀ ọ́, sà! Ẹ wọ̀ ọ́ kí ẹ lè bọ́ ọ!"

Ọ̀nárébù wo àpò. Ó wo kámẹ́rà tí Ọmọ́wálé kò dá dúró. Ó wo Bàbá Ẹgbẹ́. Ẹ gbà mí gbọ́, títí di ìgbà yẹn, ọkùnrin yìí ṣì ń rò ó! Àjẹ̀ Ìyá Ayọ̀kúnnúmi ló bá a parí ìrònú náà. Ó ki orí bọ àpò. Fún ìgbà díẹ̀, Bàrígà kò rí ojú Ọ̀nárébù Adébọ̀dé Bámilóyè mọ́, oòrùn kò sì wọ̀. Lẹ́yìn náà ó fa àpò náà yọ.

Gbogbo ọwọ́ lọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

"Háà! Ọ̀nárébù!" Ìyá Ayọ̀kúnnúmi kúnlẹ̀ wẹ́rẹ́ sínú omi. "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, sà. Ṣé ẹ̀yin mà ni? Ẹ kú iṣẹ́ o." Ó ṣa ẹja méjì nínú iyanrìn, ó gbọn wọ́n, ó pọ́n wọn sínú pépà, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé wọn fún un. Bóyá àwọn obìnrin náà mọ̀ ọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀, bóyá wọn kò mọ̀ ọ́n, n kò sí nínú wọn. Ohun tí mo mọ̀ ni pé fọ́tò rẹ̀ wà lára pépà tí wọ́n fi pọ́n ẹja náà.

Bàbá Ẹgbẹ́ ti rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń fẹ́ ẹ ní abẹ̀bẹ̀. Nígbà tó nu ojú tán, tí Ọ̀nárébù gòkè látinú omi wá tòun ti ẹja lọ́wọ́, ẹ̀rín ti kúrò lójú bàbá náà.

"Adébọ̀dé, ṣé o rí àwọn obìnrin yẹn?"

"Bàbá, mo máa kó wọn fún ọlọ́pàá..."

"Jẹ́ kí n sọ̀rọ̀. Àwọn yẹn ni wọ́n ń dìbò. Ìbò ló nà ọ́ yẹn."

Wọ́n mú ẹlòmíràn lẹ́yìn Àjíǹde, ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tí ẹnikẹ́ni kò tiẹ̀ mọ ojú rẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Kọ́ládé ti wà lẹ́nu ọ̀nà ọkùnrin náà, ó ń ké "Ìràwọ̀ Òwúrọ̀ Bàrígà!" Ọ̀rọ̀ àgọ́ ẹja kò tún jáde lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Ọ̀nárébù ní kí wọ́n sun fíìmù náà, ṣùgbọ́n gbogbo àgbà ẹgbẹ́ ló ti ní kí Ọmọ́wálé ṣe ẹ̀dà tiwọn fún wọn. Apá kẹwàá ló tà jù nínú gbogbo *Aládàá Ọ̀sà*. Ẹ̀rù kò ba ẹnikẹ́ni, àmọ́ wọ́n ń wò ó ní àwòtúnwò, wọ́n ń fà á padà síbi tó ti ń bọ́ bùbá. Bí Ọ̀nárébù bá sì ń kọjá ní Pedro, ẹnì kan á ké láti ṣọ́ọ̀bù kan pé, "Fìlà kọ́ o!" Òmíràn á dá a lóhùn lódìkejì títì pé, "Agbádá kọ́!"

Ó wọ dígí dúdú, wọ́n mọ̀ ọ́n. Ó fa fìlà wálẹ̀ dé imú, wọ́n mọ̀ ọ́n. Iṣẹ́ tó fi ọdún mẹ́ta ṣe ni, ó sì ti ṣe é dáadáa.

Lọ́jọ́ kan tí òjò ń ṣú, ó gba ẹ̀yìnkùlé wọlé sí ìsọ̀ Ràsákì. Ràsákì ń fẹ́ táyà lọ́wọ́. Ó pa ẹ̀rọ, ó nu àga kan, ó ní kó jókòó. Ọ̀nárébù kò jókòó. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ràsákì. Àpò ìjọ́sí yẹn. Ṣé o lè yá mi, kí n fi dé ilé?"

Àánú rẹ̀ ṣe Ràsákì, ó hàn lójú rẹ̀. Ó wo ibi tí ìbòjú náà ti ń gbẹ lórí okùn.

"Ẹ má bínú, sà," ó ní. "Mo fẹ́ lò ó lọ́la fún ìparí fíìmù tuntun. Àwọn ìyá ti ń béèrè mi."